Épírọ́ọ̀nù Mọ́kàndínlógún

Èmi ni mo rán gbogbo wọn fún Zenaida Huamaní,
ní yàrá aṣọ ilé-iṣẹ́ fíìmù kan ní Lima,
níbi tí kùrukùru òkun ti ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn,
tí abẹ́rẹ́ ń dógùn-ún kí oṣù tó parí.
Aṣọ dúdú, ọrùn funfun, àpò kan níwájú.
Adarí eré kì í béèrè ju ìyẹn lọ.

Ogún ọdún, ipa kan ṣoṣo:
ó gbé àwo tíì wọlé, ó gbé àwo tíì jáde.
"Bẹ́ẹ̀ ni, sinyọ́ra." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta.
Ojú rẹ̀ wu kámẹ́rà; nígbà mìíràn
á gbàgbé olówó tó jókòó,
adarí eré á kígbe, á sì yíjú padà.
Lọ́dún kan wọ́n fi àmì-ẹ̀yẹ dá a lọ́lá.
Ó rẹ́rìn-ín. Eyín ni ẹ̀rín náà mọ.

Ní ibùdó ọkọ̀, nínú òjò wínníwínní,
obìnrin kan tó ru aṣọ fífọ̀ wò ó títí.
"Ìwọ, mo mọ̀ ẹ́. Ilé ta lo ti ń ṣiṣẹ́?
Ṣé wọ́n ń jẹ́ kó o sùn?"
Fortunata lorúkọ rẹ̀. Ọṣẹ ti bó o lọ́wọ́.
Zenaida kò ní òun kì í ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀.
Ó ní, "Ogún ilé.
Kò sí èyí tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí."

Lálẹ́ ọjọ́ náà ó wá kó àwọn épírọ́ọ̀nù lọ.
Mo rò pé ó fẹ́ fi dáná ni.
Ní Mọ́ńdè, obìnrin mọ́kàndínlógún dúró níwájú ilé aṣòfin,
ọmọ-ọ̀dọ̀ gidi nínú aṣọ irọ́.
Aṣọ a máa bo àṣírí; lọ́jọ́ yẹn, aṣọ ló tú u.
Ọlọ́pàá kan bú sẹ́rìn-ín: "Ṣé fíìmù lẹ̀ ń ṣe ni?"
Zenaida sún mọ́ ọn. Kò sí àwo lọ́wọ́ rẹ̀,
kò tilẹ̀ mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ náà sí.
Ó sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ fún un:
"Rárá."

Wọn ò pè é sí eré mọ́.
Òfin náà gba ọdún mọ́kànlá.
Ọjọ́ ìsinmi kan lọ́sẹ̀; ilẹ̀kùn yàrá tó ṣeé tì láti inú.
Fortunata kò rí i.

Ọ̀kan péré ló padà sọ́wọ́ mi.
Mo tú okùn ìbàdí rẹ̀ wò:
láti ọdún yìí wá ni mo ti ń fà á le jù,
kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi.