Nọ́ńbà Mẹ́rìnlélógún

Àwa mọ́kànlá la dáwó, lóṣooṣù, fún ọdún méjì.
Èmi ni akápò. Inú ìwé kan ni mo ń kọ ọ́ sí,
èyí tí ọmọ mi ti fi ṣe ìṣirò dé ìdajì:
Fọláṣeéwá, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta pọ́n-ún.
Àjíbóyè, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ó ku àádọ́ta.
Ìyá Mobọ́láńlé, tó ń tọ́jú arúgbó lóru ní Croydon,
igba géérégé, kò dín kọ́bọ̀.

Lọ́ńdọ̀nù ti le ju eyín wa lọ.
Bí ẹ bá fẹ́ béèrè iye yàrá kan ní Peckham,
ẹ kọ́kọ́ jókòó ná.
Ìdí nìyẹn tí a fi kọjú sí àríwá,
sí Burnley, níbi tí ilé ti ń fẹ̀yìn ti ara wọn,
tí Òkè Pendle ń wò wọ́n látòkèèrè
bí olówó èlé tí kò tíì sọ ohun tó bá wá.

Níbi gbàǹjo, ìṣẹ́jú mẹ́rin péré.
Ọkùnrin kan fi òòlù lu tábìlì, a di onílé.
"Àwa náà!" ni Fọláṣeéwá ń pariwo lórí fóònù.
Mo rántí yàrá tí mo gbé ní Thamesmead,
onílé tó máa ń fọwọ́ kan gílóòbù
kó lè mọ̀ bóyá ó ṣì gbóná.
Mo rántí rẹ̀, mo sì bá wọn pariwo.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Àwa ti sọ tiwa ká tó wò ó:
a pè é ní Èrè.

Ní Sátidé, mo wọkọ̀ ojú irin lọ síbẹ̀.
Nọ́ńbà mẹ́rìnlélógún. Òjò.
Ẹni tó ṣílẹ̀kùn kò ga tó èjìká mi:
Doreen Hargreaves, ọdún mọ́kànlélógójì
nínú ilé tí a fi ìṣẹ́jú mẹ́rin rà.
Ó ní, "Ṣé ìwọ ni tuntun?"
Ó ní èmi ni ìkẹfà.

Ó po tíì. Ó mú mi lọ wo ibi tí ògiri ti bu
lẹ́yìn ibùsùn rẹ̀, dúdú bí ìdí ìkòkò.
Ó ti kọ lẹ́tà sí ẹnì kẹta, ó kọ sí ẹnì kẹrin;
ẹnì karùn-ún kò ní àdírẹ́sì.
Ọtí kíkan ló fi ń nù ún ní gbogbo Ọjọ́bọ̀.
Kò bínú. Ìyẹn gan-an ló dùn mí.
Ó bi mí bóyá mo fẹ́ ṣúgà.

Lálẹ́, ìpàdé.
Àjíbóyè ti ṣírò: irinwó ó lé ogún ló ń san,
ilé kejì ń mú ẹgbẹ̀ta ó lé àádọ́ta wọlé.
"Ẹ jẹ́ ká fún un lóṣù méjì, ká kun ilé,
ká pín yàrá ńlá yẹn sí méjì.
A ò bá a jà o. Òwò ni."
Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ burúkú.
Ohùn gbogbo wa tutù,
ó jọ ohùn àwọn onílé tí mo ti bá gbé rí.

Ìyá Mobọ́láńlé dákẹ́ títí,
a rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já.
Ibi iṣẹ́ ló wà; mo ń gbọ́ ẹnì kan tó ń wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀.
Ó ní, "Bí ẹ bá lé e, ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀ níbi tó bá lọ?
Irú èmi náà ni. Mo sì mọ owó tí wọ́n ń san fún wa."

Mẹ́fà ní kó máa gbébẹ̀, márùn-ún ní kó lọ.
Èmi ni mo sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.
Ó pẹ́ kí n tó sọ ọ́.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀: àtúnṣe ògiri, ẹgbẹ̀rún méjì ó lé igba.
Èrè ọdún yìí: òfo.
Àjíbóyè ní òun ń gba owó òun.
Mo ń dá a padà díẹ̀díẹ̀,
mo yọ àádọ́ta-àádọ́ta tó jẹ wá kúrò.

Nígbà tí mo padà dé Woolwich,
lẹ́tà onílé tèmi wà lábẹ́ ilẹ̀kùn:
láti oṣù tó ń bọ̀, yóò fi ọgọ́rin pọ́n-ún lé e.
Ó kọ ọ́ dáadáa. Ó kí mi, ó kí ọmọ.
Mo wá ọtí kíkan,
mo sún ibùsùn síwájú, mo nu ògiri.