Èyí Tí Kò Ké

Ojú mi ń ṣomi, wọ́n ní ó gbẹ.
Mo ní, Dókítà, ẹ tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ.
Ogójì ọdún ni mo ti ń mọ ìkòkò ní Dada, l'Ókèlélè,
mi ò tíì rí amọ̀ tó gbẹ
tó tún ń kán omi sílẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. Ọmọ Òmù-Àrán ni,
ọwọ́ rẹ̀ tutù bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlùwàlá.
Ó ní ojú ló gbẹ tó ké gbàjarè,
ará ilé bá sáré da omi sí i;
omi náà ò dúró, ó ṣàn kọjá.

Mo rántí ọjọ́ tí a sin bàbá Múínátù.
Ọyẹ́ ọdún yẹn la ètè, ó la gìgísẹ̀.
Ṣéríífátù orogún mi wò mí títí:
"Ojú rẹ̀ gbẹ. Kò dùn ún."
Nígbà tó wá di ìkómọ Yákúbù, tí gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín,
omi ń wọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́ mi, wọ́n ní inú mi ò dùn sí ọmọ.
Ojú yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ló ti purọ́ mọ́ mi.

Èéfín wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ n má tan yín.
Tí a bá fi ọ̀pá yọ ìkòkò nínú iná, ní pípọ́n fòò,
tí a da omi èèpo irúgbá sí i lára, ṣàà!
èéfín yẹn mọ ojú mi ju ọkọ mi lọ.

Dókítà ní okùn ń bẹ nínú awọ dídán tó bo ẹyinjú,
tín-ín-rín, òwú aláǹtakùn nípọn jù ú lọ,
òun ní í sọ fún ọpọlọ pé: iyẹ̀pẹ̀ dé, ṣẹ́jú.
Bí gbígbẹ bá pẹ́, orí okùn á dàrú:
òmíràn á hu ẹ̀ka, á máa pariwo nítorí atẹ́gùn lásán,
òmíràn á já, á dákẹ́.

Ló bá fa òwú yọ, ó lọ́ ọ títí ẹnu rẹ̀ fi mú.
"Ẹ wo iwájú, Ìyá."
Ó fi kan ti òsì. Yéè! Àga tí mo jókòó lé ké pẹ̀lú mi.
Ó yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí ọgbẹ́ kan gbòógì.
Mo ní kí ni mo wá ń ké fún?
Ó ní okùn ló ń ké, ìrora náà kì í ṣe irọ́.
Mo fẹ́ẹ̀ dìde kí n dì mọ́ ọn.
Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń pè mí ní aláròyé.

Mo wá ń retí kó kan ti ọ̀tún.
"Mo ti kàn án, Ìyá. Ẹ̀ẹ̀mẹta."

Tí mo bá fẹ́ ta ìkòkò, ìka ni mo fi í kàn án:
èyí tó dún gooro, ó yè;
èyí tó dún pọ̀ọ̀, ó ti sán nínú, kó dán títí.
Mo wo ojú ọmọbìnrin yẹn,
mo mọ̀ pé èmi àti òun la jọ gbọ́ pọ̀ọ̀ yẹn.
Ojú ọ̀tún tí mo fi ń yangàn, tí mo ń pè ní ojú àlàáfíà,
òun ló bó jù.
"Èyí tó ń ké, a ó rọ̀ ọ́," ó ní.
"Èyí tí kò ké lẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí."

Òkè Sóbì ti wọnú ọyẹ́ lọ nígbà tí mo délé.
Lẹ́yìn Iṣáì mo gbé orí sẹ́yìn,
mo kán ọ̀kan sí òsì: ó ta mí, mo dúpẹ́.
Mo kán ọ̀kan sí ọ̀tún.
Mo dúró.
"Sífáwù, ṣé ó wọlé?"
Ọmọ náà gbé tọ́ọ̀ṣì sún mọ́ mi, òórùn ẹ̀pà wà lẹ́nu rẹ̀.
"Ó wọlé, Ìyá Àgbà. Ẹ ṣẹ́jú."