Ọjọ́ Tí Oòrùn Kò Lábàwọ́n

Tíṣà Kúṣìmọ̀ kọ ẹ̀yìn sí ọ̀sà,
ó gbé awò-awọ̀nàjíjìn tí ojú kan rẹ̀ ti fọ́ lé èjìká,
oòrùn sì gba ojú kejì bọ́ sórí ìwé tí mo dì mú,
ó rí roboto bí ìdérí ife.
"Wò ó dáadáa. Ṣé o rí àbàwọ́n kankan?"
Mo ní rárá.
Ó kọ ọ́ sílẹ̀: Ẹ̀pẹ́, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, òdo.
Òdo náà ló kọ lánàá. Òdo ló kọ níjẹta.

"Oòrùn ń sinmi nìyẹn."
Ó wò mí bí ẹni tó rí ọmọdé tó ń ki ọwọ́ bọ ihò akàn.

"Sinmi kẹ̀?
Ẹ̀kọ tó ń hó lo ń wò lókèèrè yẹn.
Ìhó kan á rú jáde, á fẹ̀ tó Nàìjíríà,
kí o tó jẹ búrẹ́dì kan tán, ó ti rì, òmíràn ti gbapò rẹ̀.
Ní àlàfo tóóró tó wà láàárín ìhó sí ìhó,
ibẹ̀ ni agbára òòfà ń há sí, wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́,
bí ewéko tí ìgbì gbá jọ sí ìdí òpó èbúté."

Mo rántí ṣọ́ọ̀bù Mùbáṣírù wẹ́dà,
òòfà tó yọ nínú rédíò tó ti kú,
bí lẹ́búlẹ́bú irin ṣe dìde lórí ìwé
bí irun apá ẹni tí òtútù mú.

"Ti ọ̀hún a máa tẹ̀ jáde bí ọwọ́ agbọ̀n,
ẹsẹ̀ kan níhìn-ín, ẹsẹ̀ kan lọ́hùn-ún,
láìpẹ́ á já.
Àbàwọ́n ńlá nìkan layé ń kà.
Ta ló ń ka ìwọ̀nyí?
Ìmọ́lẹ̀ orí ìwé rẹ yìí, ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló fi rìn;
kókó mìíràn wà tó ń so lọ́wọ́ nígbà tó kúrò nílé,
tó ti tú kó tó dé Ẹ̀pẹ́."

Mo délé. Ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà,
àwọ̀n bàbá mi nílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.
Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti padà wálé láìní atukọ̀,
kò tíì sunkún lójú ẹnikẹ́ni.
Àwọn ará Òkè-Balógun ní ó ti gbà fún Ọlọ́run,
ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ń fi àwọ̀n náà dẹ odò mọ́.
Ó ta kókó kan.
Ó tú u.
Ó tún un ta.

"Kí lẹ rí lójú oòrùn lónìí?" ló bi mí,
kò gbójú sókè.
Mo fẹ́ sọ pé òdo.
Ẹnu mi wúwo.

Mo jókòó, mo bá a di etí àwọ̀n mú,
ibi tí okùn ti pàdé okùn,
ó sì ń gbọ̀n, díẹ̀, díẹ̀, lábẹ́ ìka mi.