Tirela Méjì ní Salina

Verlon Tackett dúró láàárín tirela méjì.
Ọ̀kan lógiri, ó lórùlé, ó nílẹ̀kùn onírin.
Ìkejì ṣí sílẹ̀ gbayawu:
pákó nísàlẹ̀, irin lẹ́gbẹ̀ẹ́,
sánmà Kánsáàsì ni àjà rẹ̀.

Oníṣòwò ń sọ̀rọ̀. Verlon ò gbọ́.
Òru ọjọ́ kan nínú Oṣù Kẹrin ló ń gbọ́,
tí wọ́n gé ṣéènì lẹ́yìnkùlé,
tí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìgéko lọ,
èyí tí owó rẹ̀ ṣì ku oṣù mẹ́tàdínlógún.
Gbèsè ò bá olè lọ.

"Èyí tó lórùlé ni."

Marlys, ọmọ rẹ̀, tó ń wakọ̀, fọwọ́ lu páànù:
"Bàbá, ẹ̀fúùfù ńkọ́?
Ògiri yìí á di ìgbòkun lójú títì,
epo á máa lọ bí ẹni da omi.
Ilé mọ́kànlá lóòjọ́: ta ni yóò máa ṣílẹ̀kùn, tì í?
Koríko tútù á bu mọ́nú rẹ̀ ní Oṣù Keje.
Àti pé ojú ni wọ́n fi ń rí wa.
Ìyá àgbà Birdwell rí ẹ̀rọ wa tó ń kọjá ló fi nawọ́."

"Olè náà fojú rí i."

Wọ́n ra èyí tó ṣí.
Marlys rò pé ọ̀rọ̀ òun ló wọlé;
ibẹ̀ lowó ọwọ́ Verlon mọ.

Lóru, ó dúró lójú fèrèsé, ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan.
Ẹ̀fúùfù ń gba àárín irin kọjá, kò sóhun tó dá a dúró.
Ẹ̀rọ ńlá, ọ̀kan. Ẹ̀rọ kékeré, ọ̀kan. Réèkì mẹ́ta.
Ó padà sórí ibùsùn.
Ó dìde, ó tún un kà.