Ohun Tí Kọ́sítọ́ọ̀mù Kò Rí

Yìnyín ń já bọ́ lórí Wínípẹ́gì. Mo ń fọ ẹsẹ̀ ìyá arúgbó kan
nílé ìtọ́jú, ni fóònù gbọ̀n lápò mi:
Akínlàbí mi fa okùn kọ́mú ọmọbìnrin kan já níwájú kíláàsì.
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà wọ jákẹ́ẹ̀tì,
kò bọ́ ọ mọ́.
Olùkọ́ ní, "Bóyá ó fẹ́ràn rẹ̀ ni."
Bàbá rẹ̀ ní, "Eré ọmọdé."

Èmi náà, ọmọ ọdún mọ́kànlá, nídìí ẹ̀rọ omi,
Bùọ̀dá Láńsẹ́ na ọwọ́ sí mi láyà.
Ìyá mi rán aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ fún mi.
Kò sẹ́ni tó rán Bùọ̀dá Láńsẹ́ létí ohunkóhun.

A kó o wọ bàálù.
Kọ́sítọ́ọ̀mù tú báàgì wa, wọ́n gba ẹja gbígbẹ,
wọn kò rí ìyẹn.
Bí wọ́n tilẹ̀ rí i,
irú rẹ̀ ti wà nílẹ̀ yìí kí a tó dé.

Lálẹ́, mo pa tẹlifíṣọ̀n, mo fa àga.
"Akínlàbí, kí lorúkọ rẹ̀?"
"Ta ni?"
Mo dákẹ́. Ọbẹ̀ tutù.
Ó pẹ́ kí ó tó wo ilẹ̀, kí ó tó sọ ọ́ jẹ́jẹ́:
"Márísẹ́lì."
"Tún un pè."