Ahọ́n Mi ní Saskatoon

Wọ́n ní kí n bọ́ òrùka, kí n tú bẹ́líìtì,
kí n kó owó wẹ́wẹ́ kúrò lápò.
Ilé òòfà nìyí, kò fẹ́ irin.
Níta, odò ti dì gbagidi lábẹ́ afárá,
èmi sì sùn gbalaja nínú ihò funfun kan
tó ń dún bí ẹni ń kan páànù òrùlé.

Dókítà Wiebe sọ̀rọ̀ sí mi létí:
"Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran, ẹ má mira.
Ẹ pe igbá. Ẹ pe ìgbà. Ẹ pe igba."
Ọ̀kan ṣoṣo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́nu tirẹ̀.
Mo bá a tò wọ́n sí àyè wọn.

Nígbà tí mo jáde, ó fi ahọ́n mi hàn mí lójú kọ̀ǹpútà.
Kì í ṣe pẹlẹbẹ pupa tí mo máa ń yọ sí díńgí.
Òkìtì ni. Ó fẹ̀, ó ga, ó jìn.
Ó fi ìka kan yí i, ahọ́n mi dojú bolẹ̀,
mo rí ìdí rẹ̀, níbi tó so mọ́ egungun àgbọ̀n:
iṣan kan ta sókè láti ibẹ̀ bí imọ̀ ọ̀pẹ,
àwọn mìíràn dábùú rẹ̀,
wọ́n wọnú ara wọn bí ẹní tí ìyá mi hun.
"Kò séegun kankan níbẹ̀," ó ní,
"iṣan ló ń gbé iṣan dúró."

Ó wá fi ohun tí n kò béèrè hàn mí.
Nígbà tó ní kí n dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan,
ahọ́n mi kò dákẹ́.
Ṣóńṣó rẹ̀ gbéra, ó kan ẹ̀yìn eyín òkè, ó padà.
"Kí lẹ ń rò nígbà yẹn?"
Mo ní n kò rántí.

Mo rántí o.
Láìpẹ́ ni.
Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń wí i fún màmá lórí fóònù,
láìpẹ́, mò ń bọ̀ láìpẹ́.
Iṣan ti mọ ọ̀nà, kò dúró dè mí mọ́.

Wọ́n fún mi ní dọ́là ogójì
àti ahọ́n oníke kan tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde.
Ní ibùdókọ̀, nínú àpò kóòtù,
ó tutù ju ọwọ́ mi lọ.

Ojú fèrèsé ló wà báyìí.
Lánàá, Mofìyìn gbé e sétí
bí ẹni gbé fóònù.
"Dádì," ó ní, "kò sọ nǹkan kan."