Ilá Tí Kò Fà

Ọgbọ̀n ọdún ni màmá mi fi po ìyẹ̀fun àlìkámà
lẹ́yìn ilé wa ní Òkè-Àdó.
Búrẹ́dì ló fi san owó ilé-ìwé mi,
búrẹ́dì ló fi kọ́ yàrá méjì sí Olódó,
ìyẹ̀fun á máa wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀ títí dé ṣọ́ọ̀ṣì.
Àfi ìgbà tí Dókítà Ọ̀ṣúnkúnlé wo ìwé àyẹ̀wò,
tó wí jẹ́jẹ́, bí ẹni ń túfọ̀:
"Màmá, àlìkámà ló ń jẹ yín nínú.
Ẹ má fẹnu kàn án mọ́ láéláé."
Màmá rẹ́rìn-ín.
"Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi tọ́ ló ń bù mí jẹ."

Ohun tó gbé wa dé Ìyágànkú nìyẹn lọ́jọ́ Sátidé,
àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlógún, mo kà á nítorí orúnkún rẹ̀,
sí ilé oúnjẹ àwọn Íńdíà tí àlìkámà kì í wọ̀,
kò sẹ́ran, kò sẹ́ja, kò sẹ́yin,
wàrà pàápàá kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà.
Màmá ka gbogbo rẹ̀ lára ògiri, ó bọ́ awò ojú rẹ̀:
"Mopélọ́lá, ṣé ààwẹ̀ la wá gbà níbí,
tí a ó sì tún sanwó rẹ̀?"

Obìnrin tó ni ilé oúnjẹ náà gbọ́.
Hánsà lorúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ta aṣọ ní Gbági
nígbà tí Gbági ṣì wà láàárín ìgboro.
"Màmá, sebí ẹ ó kọ́kọ́ jókòó ná?"
Ìbàdàn pọ́ńbélé, láti ẹnu ẹni tí mi ò rò ó sí.
Màmá sì jókòó,
bí ẹni tí wọ́n fi oríkì rẹ̀ pè.

Wọ́n gbé ilá wá.
Ó gbẹ, ó pọ́n létí, kúmínì rọ̀ mọ́ ọn lára.
Màmá fi síbí gbé e sókè. Kò fà.
Ó tún gbé e.
"Kí ni ilá ṣe fún yín?"
Omi pá ọkùnrin kan lórí ní tábìlì kejì.

Lẹ́yìn náà ni ọbẹ̀ ẹ̀wà dé, dáàlì ni wọ́n ń pè é.
Màmá tọ́ ọ wò, ó dijú.
"Gbẹ̀gìrì ni. Gbẹ̀gìrì tó rìnrìn àjò, tó gbàgbé epo sílé."
Ó tún bù.

Àmọ́ dósà ló pa á lẹ́nu mọ́.
Ó gùn ju abọ́ lọ, ó fẹ́lẹ́ bí ojú ewé Bíbélì,
wọ́n ká a bí ẹní.
Ó kán an, ó gbé e símú kó tó gbé e sẹ́nu.
Mo mọ imú yẹn. Imú tó máa ń tẹ̀ sórí ọpọ́n ìyẹ̀fun
ní aago mẹ́ta òru, láti mọ̀ bóyá ó ti wú.
"Ó kan," ló wí. "Ó kan díẹ̀, bí omi ògì ọjọ́ kejì.
Kí lẹ fi mú un wú?"
"Ìrẹsì, Màmá, àti ẹ̀wà dúdú wẹ́wẹ́. Omi. Òru kan."
"Ẹ ò fi íìsì sí i?"
"Rárá o."
"Òru kan péré?"
"Tí ọyẹ́ bá mú, ó lè di méjì."

Wọ́n jọ wọ ilé ìdáná lọ. Èmi ti bọ́ sẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà.
Láti ìjókòó mi ni mo ti rí ẹ̀yìn àwọn méjèèjì
lórí ìkòkò kan, ọ̀kan ró ìró, ọ̀kan wọ ṣòkòtò,
mo rí màmá mi tó ká apá aṣọ sókè,
ọwọ́ tí kò tíì kan ohun wíwú láti oṣù Ẹrẹ́nà
wọ inú ìrẹsì lílọ̀ náà dé ọrùn ọwọ́,
ó sì dúró síbẹ̀. Kò pò ó. Ó kàn dúró,
ó ń hó wẹ́wẹ́ yí ìka rẹ̀ ká.

Kò sọ pé ó dùn. Màmá mi kì í yin oúnjẹ
ẹni tí wọ́n jọ ń ṣòwò.
Nígbà tí à ń sọ̀kalẹ̀ ó di apá mi mú,
ètè rẹ̀ ń mì. Mo rò pé àdúrà ni.
"Kọ́ńgò ìrẹsì mẹ́rin," ló ń wí, "ẹ̀wà kọ́ńgò kan àbọ̀,
ààrò yẹn ṣì wà, ilẹ̀kùn rẹ̀ nìkan ló dógùn-ún..."
Ó dúró lórí àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn.
"Ṣùgbọ́n ti ilá yẹn, Mopélọ́lá,
ẹnì kan ní láti bá a sọ̀rọ̀."